Eyín Tí Òkun Gbàgbé Sínú Igbó

Omi odò mù mí dé orúnkún, ẹ̀yìn mi ti tẹ̀ bí ọrun, mo sì ń gbọn ajọ̀ sọ́tùn-ún sósì. Erùpẹ̀ ń bá omi lọ, òkúta wẹ́wẹ́ ń kù sínú ajọ̀, ojú mi ń tẹ̀lé ọwọ́ mi. Bí mo bá gbọn ajọ̀ kan tán, màá dà á sórí àpáta, màá fi ìka tú u wò, màá tún bu òmíràn. N kò kọrin, n kò sì dá sọ̀rọ̀. Ajá mi, Má-ṣòfò, dùbúlẹ̀ sétí odò, ó gbé àgbọ̀n lé ìbọn mi. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó síbí, ẹ ti gbọ́ ìtàn ọdẹ tó pa erin, ẹ ti gbọ́ ti èyí tó bá ẹkùn jìjàkadì. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí ti pa ẹfọ̀n, mo ti pa ìmàdò, mo ti bọ́ lọ́wọ́ ọ̀nì nígbà tí bàtà mi wà lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni mo fẹ́ sọ. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, kì í ṣe ẹran ni mò ń dọdẹ. Eyín ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ ní ṣókí kí a lè máa lọ. Òkun ti dé ibi tí igbó Òkè-Ẹfun wà yìí rí. Kò sí baba ńlá ẹnikẹ́ni nínú wa tó bá a níbẹ̀, ṣùgbọ́n òkúta funfun tí wọ́n ń wà níbẹ̀ láti fi ṣe sìmẹ́ǹtì, inú òkun ló ti wá. Ẹni tó bá fọ́ ọ yóò rí ìkarahun nínú rẹ̀ bí a ti ń rí ẹyin nínú mọ́ínmọ́ín. Nínú òkun náà ni ẹja kan ń gbé tí wọ́n ń pè ní àkùràkudà, ẹja tí ń gé ènìyàn jẹ bí ẹni ń gé iṣu sísè. Eyín ẹja yìí kì í pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Èyí bọ́ láàárọ̀, òmíràn ti rọ́pò rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ara rẹ̀ kò sì ní egungun tó le. Egungun rírọ̀ ni, irú èyí tó wà nínú etí ènìyàn, nítorí náà bó bá kú, gbogbo rẹ̀ a jẹrà, eyín nìkan ni ilẹ̀ ń bá a tọ́jú. Àwọn eyín wọ̀nyí ti di òkúta, wọ́n dúdú bí èédú, síbẹ̀ ẹnu wọn mú. Mo ti fi ọ̀kan gé okùn rí. N kì í tà wọ́n, n kì í sì í fi wọ́n ṣe oògùn. Mo ń kó wọn jọ sínú àpótí kan nílé, mo ń tò wọ́n láti kékeré dé ńlá, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi Ògúnsèyẹ, tí òun náà jẹ́ ọdẹ, kò yé fi mí ṣẹ̀sín. Nígbà tó rí mi tí mo gbé ajọ̀ kọ́ èjìká láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó ní, "Ọdẹ́sànmí, ìyàwó rẹ ti gbé omi ọbẹ̀ kaná. Ṣé eyín ni kó dà sí i?" Mo dá a lóhùn pé, "Ẹtu tí o pa lánàá, kí ló kù níbẹ̀ lónìí yàtọ̀ sí awọ? Tèmi ti wà kí àwọn tó bí ọ tó mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ẹran." Ó rẹ́rìn-ín, ó bá tirẹ̀ lọ. Ohun kan ṣoṣo ni àpótí mi kò ní: eyín iwájú, ti òkè ẹnu, ti àgbà nínú àkùràkudà, èyí tó máa ń fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Mo ti rí àfọ́kù rẹ̀, n kò rí odindi. Òun ni mo lọ wá. Bí mo bá rí i, ó parí. N kò ní í padà lọ máa da ilẹ̀ onílẹ̀ rú nítorí ìwọra.

Bí mo ti fẹ́ gbé ajọ̀ sókè nígbà tí oòrùn ti mú díẹ̀, ajọ̀ kò gbé. Mo fà á, kò wá. Mo wo inú omi, mo rí àwọn ìka kan tó dì í mú láti ìsàlẹ̀, wọ́n funfun, wọ́n tínrín, bí ẹni pé wọ́n fi ẹfun mọ wọ́n. Ọ̀lẹ ọdẹ ni yóò jù ú sílẹ̀ kó sá. Ajọ̀ yẹn dára, n kò sì fẹ́ fi í tọrẹ. Mo fà á tagbáratagbára, ẹni tó dì í mú sì bá a jáde bí ìgbà tí a bá fa ẹ̀gẹ́ tu. Ó ga tó àpótí ìjókòó. Orí rẹ̀ jẹ́ ìkarahun gígùn ṣóńṣó tó wé mọ́ ara rẹ̀ bí ọ̀já, ojú rẹ̀ méjèèjì sì ń yọ lẹ́nu ìkarahun náà bí ti ìgbín. Ó ní Awémọ́ra ni òun ń jẹ́, òun sì ni oníbodè odò náà.

"Ta ní rán ọ wá sódò wa kí o máa jọ ilẹ̀ bí ẹni ń jọ èlùbọ́?" ló wí. "Ta ní rán ọ wá sódò wa? Ta ní?"

"Mo gbọ́ ti àkọ́kọ́," ni mo fi dá a lóhùn. "Ìyókù jẹ́ àṣedànù."

"Bí orí mi ti wé ni ọ̀rọ̀ mi ń wé. Bí orí mi ti wé. Orí mi."

"Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kì í kún agbọ̀n. Sọ ohun tó o fẹ́, kí n máa bá iṣẹ́ mi lọ."

Ó ní òun yóò pa àlọ́ kan fún mi. Bí mo bá mọ̀ ọ́n, n óò mọ ibi tí mo wà. Mo ní kó pa á. Ó ní, "Àlejò kan ń bẹ tó wọlé lẹ́yìn tí wọ́n ti bí onílé tán. Ẹnu ọ̀nà ló jókòó sí. Ó ń bá wọn jẹun, kò gbé e mì rí. Gbogbo ọ̀rọ̀ ń kọjá lójú rẹ̀, kò sọ ọ̀kan rí. Bó bá lọ lẹ́ẹ̀kan, a padà. Bó bá lọ lẹ́ẹ̀kejì, ó di gbére." Ó tún un sọ ní ìlàjì, ó tún un sọ ní ìlàjì ìlàjì; mo fara dà á. Ẹ̀yin náà ti mọ̀ ọ́n, mo rí i lójú yín. Èmi náà kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

"Eyín ni," ni mo wí.

Odò dá wọ́ọ́rọ́wọ́, kò ṣàn mọ́. Awémọ́ra wò mí, ó ní, "Ìdáhùn rẹ tọ̀nà. Ìdí nìyẹn tí o fi jẹ̀bi." Àṣé láti ìgbà tí ohun tí mo dárúkọ yẹn ti tán lẹ́nu ọba wọn, kò sí ẹni tó gbọdọ̀ pè é ní gbogbo ìsàlẹ̀ odò náà, àwọn ọmọ wọn kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, òun ló ń jí i. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo fẹ́ fò sí etí odò níbi tí ìbọn mi wà, ṣùgbọ́n omi náà ti di funfun, ó ti dì mọ́ mi lẹ́sẹ̀ bí sìmẹ́ǹtì tó gbẹ.

Má-ṣòfò dìde, irun ọrùn rẹ̀ dúró. Mo ní kó jókòó ti ìbọn. Bí mo ti kọ́ ọ nìyẹn: kì í kúrò níbi tí mo bá fi í sí, ì báà jẹ́ pé iná ń bọ̀, àfi bó bá gbọ́ súfèé mi. Èmi kì í sì í fi ètè súfèé bí àwọn ọmọ ìta. Mo ní èjí láàárín eyín iwájú mi ti òkè, ẹ wò ó, ibẹ̀ ni súfèé mi ń gbà jáde, kò sì sí ẹlòmíràn tó lè ṣe irú rẹ̀. Àwọn alákàn méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó ewúrẹ́ jáde lábẹ́ àpáta, wọ́n fi èékánná wọn fọ́ òkúta tó dì mí lẹ́sẹ̀, wọ́n sì tì mí wọ ihò kan lọ sọ́dọ̀ ọba wọn, tí wọ́n ń pè ní Ọlọ́gbun.

Ihò náà funfun nínú, ìmọ́lẹ̀ ń wọlé látòkè. Ọlọ́gbun dùbúlẹ̀ láti ògiri dé ògiri. Ẹja ni, ṣùgbọ́n gbogbo ara rẹ̀ látòkè délẹ̀ rí bí etí ènìyàn: ó rọ̀, ó ká síhìn-ín, ó ká sọ́hùn-ún, ìmọ́lẹ̀ sì ń là á kọjá. Kò sí ohun tí a lè sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ níwájú rẹ̀ tí kò ní í gbọ́. Nígbà tó la ẹnu, mo rí i pé èrìgì lásán ló wà níbẹ̀, ó pọ́n, ó ń dán. Funfun niyì eyín, ẹ̀gún gadagba niyì ọrùn. Èyí kò ní ọ̀kankan nínú méjèèjì.

"Ìwọ ni wọ́n ní o ń kó wọn," ló wí.

"Èmi ni, bàbá."

"Ta ló fún ọ?"

"Ilẹ̀ ló sọ wọ́n nù. Ohun tó ń ṣòfò ni mo ń ṣà."

"Bí aṣọ ẹni bá já bọ́ lọ́nà, ṣé ó ti di ti ẹni tó ń kọjá?"

"Bí ẹni náà kò bá bèèrè rẹ̀ títí òkun fi gbẹ, ó ti fẹ́ di tirẹ̀."

Àwọn alákàn rẹ́rìn-ín. Ọlọ́gbun wò wọ́n, wọ́n dákẹ́. Ó ní, "Ẹnu rẹ mú. Ohun tó mú un mú náà la fẹ́ gbà. Mo ti fi ti ọ̀nì wò ó, mo ti fi ti ìmàdò wò ó, mo ti fi ti àwọn ọdẹ tó ṣáájú rẹ wò ó, kò sí èyí tó dúró. Bóyá tìrẹ yóò dúró. Gbogbo wọn ni màá gbà, láti ibi àlàfo iwájú yẹn lọ sẹ́yìn."

Alákàn ọ̀tún na èékánná rẹ̀, ó bi ìkejì rẹ̀ pé, "Ṣé iwájú la ó ti bẹ̀rẹ̀?"

"Ẹ̀yìn," ni ti òsì wí. "Ẹni tí a bá ti iwájú bẹ̀rẹ̀, igbe rẹ̀ kì í já gaara."

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, nítorí àwọn kan nínú yín ń rò ó pé eyín kì í ṣe ẹ̀mí, pé kí n fi í sílẹ̀ kí n máa lọ mu ẹ̀kọ. Ọdẹ tí kò léyín ti di ènìyàn kan lásán nínú igbó. Bàbá Ògúnsèyẹ ṣubú lórí ọ̀pẹ, eyín iwájú rẹ̀ lọ. Nígbà tó yá, ẹfọ̀n lé e mọ́ ìdí àràbà, ó sì pe ọfọ̀ tí yóò fi di àwátì. Ọfọ̀ tí a fi èrìgì pè kì í ṣe ọfọ̀ kan náà mọ́. Ṣòkòtò rẹ̀ nìkan ló di àwátì. Ẹfọ̀n náà dúró, ó wò ó, ó yí padà. Àwọn kan ní oògùn náà jẹ́. Èmi kò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n tèmi ju ti ọfọ̀ lọ. Bí èjí mi bá lọ, súfèé mi lọ, ajá mi yóò sì jókòó ti ìbọn yẹn títí ebi yóò fi pa á kú. Mo rí i lójú inú mi, bó ti jókòó. Nítorí náà mo bẹ̀rẹ̀ sí í ronú.

"Bàbá," ni mo wí, "adìẹ ń jẹ òkúta, ó ń mu omi, ó ní òun kò léyín, ìdérègbè tó léyín, ṣé ó ń gbé irin mì? Kí lẹ fẹ́ fi eyín ẹlẹ́yín ṣe? Tiyín dà?"

Ó ní nígbà tí òun wà nínú òkun, eyín kì í wọ́n òun. Kí òun tó mọ̀ pé ọ̀kan bọ́, òmíràn ti dé. Lọ́jọ́ tí òkun ń padà sẹ́yìn, òun ń lé ẹja kan, òun kò fẹ́ fi í sílẹ̀, ìgbà tí òun yóò fi wẹ̀yìn, ilẹ̀ gbígbẹ ló yí òun ká. Àwọn eyín bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́. Èyí tó bọ́ kẹ́yìn ni ti iwájú, ti òkè. Láti ìgbà náà, kò sí èyí tó hù.

"Nígbà tí èyí tó kẹ́yìn bọ́," ni mo bi í, "ta ló wà nítòsí?"

"Kò sí ẹnikẹ́ni. Àfi ẹranko kékeré kan tó jókòó lórí àpáta, orí rẹ̀ pọ́n, ìrù rẹ̀ gùn. Ó wo ohun tó bọ́, ó wo ẹnu mi, ó wá ń mi orí sókè sódò. Mo rò pé ó ń kí mi ni. Mo kí i padà."

N kò rẹ́rìn-ín. Ẹni tí wọ́n fẹ́ yọ eyín rẹ̀ kì í fi í hàn. Mo ní, "Bàbá, nínú òkun tí ẹ ti wá, ǹjẹ́ alángbá wà níbẹ̀?"

"Kò sí."

"Òrùlé ńkọ́?"

"Kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀?"

Ẹ rí i nísinsìnyí. Ohun tí gbogbo ọmọ ọdún mẹ́fà ní ìlú wa mọ̀, ọba yìí kò mọ̀ ọ́n. Nígbà tí eyín bá bọ́ lẹ́nu wa ní kékeré, ìyá wa ní kí a pa ẹnu dé, kí alángbá má rí eyín tó bọ́ náà tàbí àlàfo rẹ̀, nítorí bó bá rí ọ̀kan nínú wọn, tuntun kò ní í hù. Wọ́n ní kí a mú eyín náà pẹ̀lú òkúta wẹ́wẹ́ tó bá ọjọ́ orí wa mu, kí a kẹ̀yìn sí ilé, kí a jù ú sórí òrùlé, kí a má sì wo ibi tó bọ́ sí. Ta ló máa kọ́ ẹja ní ìyẹn? Kò sí ìyá tó bá a dé orí ilẹ̀.

Mo bi í pé bí mo bá sọ ohun tó dí i lọ́wọ́ àti bí a ti ń tú u, kí ni n óò gbà. Ó ní n óò gba eyín ẹnu mi. Mo ní ìyẹn ti wà lẹ́nu mi tẹ́lẹ̀, ẹnìkan kì í ra ohun tó jẹ́ tirẹ̀. "Kí lo wá fẹ́?" Mo ní eyín iwájú, ti òkè, odindi. Ó gbé ahọ́n rẹ̀ sókè, ó sì mú un jáde lábẹ́ rẹ̀, èyí tó bọ́ kẹ́yìn náà. Ó dúdú, ó ń dán, ó bo àtẹ́lẹwọ́ mi látòkè délẹ̀, etí rẹ̀ sì mú bí ayùn. Àwọn tí mo ti ń kó jọ láti ìgbà yìí wá dà bí ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Bí tuntun bá hù, kí ni màá fi ògbólógbòó ṣe? Tìrẹ ni."

Mo gbà, mo sì ṣàlàyé. Àárín àlàyé náà ni mo dé nígbà tí ọ̀rọ̀ ara mi gbá mi létí. Eyín tó bọ́ náà gan-an ni a ń jù sórí òrùlé, ẹni tó bá sì lọ gbé e kúrò níbẹ̀ ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Mo ti fi oògùn náà ṣe owó oògùn. Ọlọ́gbun gbọ́ bí mo ti dákẹ́. Mo sọ fún yín pé gbogbo ara rẹ̀ ni etí. Ó ní, "Ó ti yé èmi náà. Ọdẹ, yan ọ̀kan. Mú un lọ, kí o fi tìrẹ sílẹ̀. Tàbí jù ú, kí o máa lọ pẹ̀lú tìrẹ."

Mo ní kí a kọ́kọ́ kọ́ ilé, nítorí ihò àpáta kì í ṣe òrùlé. Ó kó gbogbo wa jáde sí gbangba etí odò, ní òdìkejì ibi tí ajá mi wà. Mo gé òpó, mo rì í mọ́lẹ̀, àwọn alákàn ń fi èékánná gé imọ̀ ọ̀pẹ àti ewé gbòdògì wá. Wọ́n ń gé ju èyí tí a nílò lọ, mo ní kí wọ́n dúró. Awémọ́ra ń sọ bí ó ti yẹ kí a fi ewé lé e, ó ń sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́tamẹ́ta, mo ń to ewé tèmi lọ. Nígbà tí òrùlé bo ilé, òjò ti ṣú, òtútù ti mú, kò sì sí alángbá kan lórí àpáta. Ilé tuntun ni, wọn kò tíì gbọ́ nípa rẹ̀.

"Òkúta wẹ́wẹ́ mélòó?" ni Ọlọ́gbun bèèrè. "N kò mọ ọjọ́ orí mi. Mo ju odò yìí lọ. Mo ju òkè yìí lọ."

Àwọn alákàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó òkúta jọ, wọ́n ti kó o tó òkìtì. Bí a bá máa ju iye yẹn, inú igbó yẹn ni ẹ̀ bá wá sin mí sí, òrùlé yóò sì ti wó. Mo ní, "Ẹ da ìyẹn nù. Ọjọ́ orí eyín la ń kà, kì í ṣe ti ẹlẹ́yín. Tọmọdé ń bá ọmọ dàgbà, nítorí náà ọjọ́ orí kan náà ni wọ́n ní. Tiyín, ọjọ́ kan ló ń lò lẹ́nu yín. Òkúta kan tó." Ọlọ́gbun rò ó, kò rí àṣìṣe níbẹ̀. Èmi náà kò tíì rí i títí di òní.

Nígbà náà ni mo dúró, mo kẹ̀yìn sí ilé, òkúta kan àti eyín kan wà lọ́wọ́ mi. Ọlọ́gbun kò ní ọwọ́, abẹ̀bẹ̀ méjì tí ẹja fi ń lúwẹ̀ẹ́ ló wà níbi tó yẹ kí ọwọ́ wà, nítorí náà ọwọ́ mi ló yá lò. Ẹ̀yin ará mi, mo fi àtàǹpàkò ra etí eyín náà. Mo mọ ibi tí mo fẹ́ tò ó sí nínú àpótí. Mo ti fi àyè sílẹ̀ fún un. Mo wá ro ti ajá tó jókòó ti ìbọn, mo sì ju apá mi sẹ́yìn. Mo gbọ́ ìró òkúta lórí ewé, mo gbọ́ ìró kejì tó wúwo jù ú lọ. N kò wẹ̀yìn.

Ọlọ́gbun sọ ọ̀rọ̀ tí mo kọ́ ọ: "Ògbólógbòó mi rèé, ẹ fún mi ní tuntun." Lẹ́yìn náà ni ẹnu rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí àgbàdo tí ń ta nínú agbada. Èyí hù, òmíràn hù sẹ́yìn rẹ̀, òmíràn tún hù sẹ́yìn ìyẹn, ọ̀wọ́ lẹ́yìn ọ̀wọ́, gbogbo wọn funfun kinkin. Àwọn alákàn wò ó, wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ rìn padà wọ abẹ́ àpáta. Awémọ́ra fà wọnú orí ara rẹ̀.

"Ọdẹ," ni Ọlọ́gbun wí, "inú mi dùn. Ebi sì ń pa mí."

"Bàbá, a ti ṣe àdéhùn."

"A ṣe é. Nípa eyín rẹ ni. A kò mẹ́nu ba ìyókù ara rẹ."

N kò lè sọ pé ó purọ́. Ó fò sí mi, mo bọ́ sẹ́yìn òpó, ó sì gé òpó náà bí ẹni gé ìrèké. Ilé tẹ̀, kò wó. Mo yí lọ sí òpó kejì. Igi ayán ni ìyẹn, èmi ni mo gé e, mo mọ̀ bó ti le. Ọlọ́gbun wá pẹ̀lú gbogbo ẹnu rẹ̀, ó gé e dé àárín, ó sì há. Ó fà, ó tún fà, nígbà tó bọ́, eyín iwájú rẹ̀ ti òkè kù sínú igi, odindi, pẹ̀lú ìdí rẹ̀.

Kò bìkítà. Ó ti tún fẹ́ kọjú sí mi nígbà tí ojú rẹ̀ bá òkè. Òjò ti ń lọ, oòrùn ti ń yọ díẹ̀, alángbá kan sì ti gun ògiri àpáta tó kọjú sí ilé wá, orí rẹ̀ pọ́n, ó ń wo ilé tuntun náà bí ẹni fẹ́ gba yàrá níbẹ̀. Kò tíì wo ìhà ọ̀dọ̀ òpó. Ọlọ́gbun pa ẹnu dé pọ́, ó ń fi imú sọ̀rọ̀.

"Ọdẹ, fi nǹkan bò ó."

"Bo kí ni?"

"O mọ ohun tí mò ń wí."

"Ẹ kọ́kọ́ búra, bàbá. Ẹ fi gbogbo ara mi sí i lọ́tẹ̀ yìí, ẹsẹ̀, orí, ajá, àti ọ̀nà odò."

Alángbá náà mi orí lẹ́ẹ̀kan. Ọlọ́gbun fi iyọ̀ òkun búra, ó búra kíákíá, ó dárúkọ ẹsẹ̀, ó dárúkọ orí, ó dárúkọ ajá, ó sì ní kí odò là fún mi. Mo bọ́ fìlà mi, mo fi bo eyín inú òpó. Mo yọ ọ̀bẹ, mo gbẹ́ igi náà díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ fìlà, mo sì yọ ọ́ láìsí pé ó sán. Ó gbóná. Dúdú ni mo wá, funfun ni mo gbà. N kò ráhùn. Mo fi ewé gbòdògì wé e, mo tì í sínú àpò ọdẹ mi, mo sì dè é lẹ́nu.

"Gbé e jìnnà," ni Ọlọ́gbun wí láti inú imú rẹ̀. "Gbé e lọ síbi tí ojú alángbá yẹn kò ní í tó o."

"Àpótí mi ní ìdérí," ni mo fi dá a lóhùn.

Mo kí i, mo sọdá. Nígbà tí mo dé ibi tí odò ti là, mo fi ahọ́n ti èjí mi, mo súfèé. Má-ṣòfò sáré wá, ó ń fi ìrù lu ẹsẹ̀ mi. Mo gbé ìbọn kọ́ apá ọ̀tún, mo gbé ajọ̀ kọ́ apá òsì, mo da òkúta tó kù nínú rẹ̀ padà sódò, a sì gba ọ̀nà ilé lọ.